Ẹlẹ́rìí ni Òǹkà: Ayò 21 tí Ràṣídì Yẹkínì Gbá Wọlé

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Alékúwodò, ní ìlú Òṣogbo, alájọ á ti máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ìyá aláta, télọ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kálukú ló ní káàdì tirẹ̀. Ìlà ló pín káàdì náà sí ojú 31, ojú kan fún ọjọ́ kan. Bí owó bá wọlé, alájọ á fi bírò sàmì sí ojú ọjọ́ náà. Bí owó kò bá wọlé, ojú náà á ṣófo. Lópin oṣù, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì kó ìyókù fún olówó. Bí àríyànjiyàn bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ariwo kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí káàdì ni wọ́n máa pè wá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, káàdì yìí kan náà kò lè sọ ìdí tí ojú mẹ́ta fi ṣófo nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bóyá òjò ló pa ọjà, bóyá ọmọ ni ara rẹ̀ kò yá, bóyá ọlọ́jà kàn ná owó náà ni. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí káàdì sọ, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oṣù náà ṣe rí fún aláta ní láti béèrè sí i. Ojú tí mo fi ń wo òǹkà eléré ìdárayá nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni òǹkà. A kì í lé ẹlẹ́rìí jáde nílé ẹjọ́, a kì í sì í gbé àga adájọ́ fún un. Ìbéèrè la máa ń bi í. Sáà bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ti ọmọ Yorùbá kan, tó fi hàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Sáà náà ni ti 1993 sí 1994, lórílẹ̀-èdè Pọ́túgà, ẹni tó sì ni ín ni Ràṣídì Yẹkínì. Kàdúná ni wọ́n ti bí i ní 1963, ṣùgbọ́n ìlú Ìra ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní agbègbè Ọ̀fà, ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn, ó lọ sí Abiola Babes, ó kọjá sí Africa Sports ní Abidjan, kó tó dé ọ̀dọ̀ Vitória Setúbal ní 1990. Ìlú etíkun ni Setúbal, kò jìnnà sí Lisbon, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ kò sì sí lára àwọn mẹ́ta tó máa ń pín ife ẹ̀yẹ Pọ́túgà láàrin ara wọn, ìyẹn Benfica, Porto àti Sporting. Ní sáà 1992 sí 1993, ìpele kejì líìgì ni ẹgbẹ́ náà wà. Yẹkínì gbá ayò 34 wọlé nínú ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ 32, wọ́n sì gòkè. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, nínú ìpele àkọ́kọ́, ó gbá 21 wọlé. Kò sẹ́ni tó tó o nínú gbogbo líìgì náà, ìwé ìròyìn A Bola sì fún un ní Bọ́ọ̀lù Fàdákà tí wọ́n máa ń fún atamátàsé tó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Láàrin sáà méjèèjì yìí náà ló di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà fún ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú oyè bẹ́ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́.

Ó ti yá ká bi ẹlẹ́rìí wa ní ìbéèrè àkọ́kọ́: èwo ló pọ̀ jù nínú 34 àti 21? Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á dáhùn kíá pé 34 ló pọ̀ jù, á sì fi 13 jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí òǹkà dá dúró bẹ́ẹ̀. Tí a bá pe 21, mọ́kànlélógún la máa wí, ìyẹn ni pé ọ̀kan lé lórí ogún. Tí a bá pe 37, mẹ́tàdínlógójì ni, ìyẹn ni pé mẹ́ta dín nínú ogójì. Lọ́pọ̀ ìgbà tí Yorùbá bá ka nǹkan kọjá mẹ́wàá ló máa ń sọ ibi tó fẹsẹ̀ lé tó fi lé e, tàbí ibi tó dúró sí tó fi dín in. Ibi tí a fẹsẹ̀ lé yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. 34 fẹsẹ̀ lé ìpele kejì, níbi tí àwọn adènà kò ti gbóná tó ti òkè. 21 fẹsẹ̀ lé líìgì tí aṣọ́lé bíi Vítor Baía ti Porto wà nínú rẹ̀, tí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ sì ti gbọ́ orúkọ Yẹkínì kó tó wọ pápá wọn. Ẹ wo ọdún tó ṣáájú: Jorge Cadete ti Sporting ló gba Bọ́ọ̀lù Fàdákà ní sáà 1992 sí 1993, ayò 18 péré ló sì fi gbà á, nínú ẹgbẹ́ ńlá tí bọ́ọ̀lù kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ atamátàsé. Yẹkínì gbá 21 nínú ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Ìdájọ́ tèmi ni pé 21 yìí wúwo ju 34 lọ, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ọmọ ẹni ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Òǹkà mìíràn tó yí i ká ló jẹ́rìí sí i.

Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ takò mí pé kò sẹ́ni tó ń dá bọ́ọ̀lù gbá. Atamátàsé tó gbá ayò 21 wọlé, ẹlòmíràn ló já bọ́ọ̀lù gbà, ẹlòmíràn ló sáré gba ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹlòmíràn ló gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ayò tí Yẹkínì gbá sáwọ̀n Bùlùgéríà ní Dallas, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994 ní Amẹ́ríkà, Finidi George ló fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, àmọ́ orúkọ kan ṣoṣo ni ìwé kọ pé ó gbá a wọlé. Ìṣòro yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré kan tí wọ́n ń pè ní baseball, níbi tí ẹnì kan ti máa dúró lórí òkìtì kékeré láàrin pápá, tí á máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Láti ayé Henry Chadwick, akọ̀ròyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ eré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ìlà àti òǹkà, ni wọ́n ti ń ka ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Ní 1968, Bob Gibson ti St. Louis Cardinals ju bọ́ọ̀lù débi pé, tí a bá yọ èyí tí àṣìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà kúrò, tí a sì pín ìyókù àmì ayò tí ọ̀tá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, 1.12 péré ló kan eré odidi kan. Síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré 22 tó borí, eré 9 ni wọ́n kọ pé ó pàdánù. Báwo ni ẹni tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n gba ju ọ̀kan lọ ṣe máa pàdánù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án? Nítorí pé kì í ṣe òun ni yóò wá àmì ayò fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn yòókù kò bá rí nǹkan mú bọ̀, iṣẹ́ rere rẹ̀ á di ìpàdánù. Òǹkà àṣeyọrí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ló ni ín, 1.12 ló sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò sì dúró níbẹ̀. Wọ́n tún bi 1.12 náà léèrè pé orí ilẹ̀ wo ló dúró sí. Ọdún 1968 yẹn dùn fún gbogbo ajùbọ́ọ̀lù, kì í ṣe Gibson nìkan, òkìtì tí wọ́n ń dúró lé sì ga ní ìwọ̀n íńṣì 15. Ní 1969, àwọn aláṣẹ eré náà gé òkìtì ọ̀hún wálẹ̀ sí íńṣì 10, kí ẹni tó di igi mú lè rí ààyè mí. Ìyẹn kò sọ Gibson di ẹni yẹpẹrẹ, nítorí orí òkìtì kan náà ni gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí lọ́dún yẹn, òun ló sì ta wọ́n yọ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé, nígbà tí òǹkà kan kò bá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, kíka òmíràn mọ́ ọn ni oògùn rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní Yẹkínì kò dá gbá 21, ìdáhùn mi ni pé kí a kọ orúkọ ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i, kí a kọ iye ìṣẹ́jú tó lò lórí pápá, kí a kọ iye ìgbà tó ta tí kò wọlé. Àtakò yìí kò pa òǹkà rárá. Ṣe ló ń bẹ̀ wá pé kí òǹkà túbọ̀ pọ̀ sí i.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí inú àṣà wa ló ti wá. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹlòmíràn á sọ pé èèyàn kì í ṣe iṣu tí a ń tò sórí ọ̀pá, pé oríkì la fi ń mọ akọni, pé òǹkà kò lè gbé ohun tí ojú rí nígbà tí Yẹkínì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n ní Dallas, tó dì í mú, tó ń ké, tí omijé sì bo ojú rẹ̀. Mo gbà pé òǹkà kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn àgbà ń ṣe pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ. Wọn kì í ka ọmọ nítorí pé ẹ̀bùn ni ọmọ, iye kò sì tó láti fi wọn ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun ìní kò sí nínú èèwọ̀ náà. Àwọn kan náà ló ń sin owó ẹyọ ní ogójì-ogójì sínú okùn, tí wọ́n ń kó o jọ títí tó fi di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, láìsí bírò, láìsí ìwé. Wọ́n ka ọjọ́ ọjà, wọ́n ka ebè oko, wọ́n ka odù Ifá dé 256 láìfi ọ̀kan ṣòfò. Ayò tí agbábọ́ọ̀lù gbá wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kíkà á kò tàbùkù ọmọlúàbí tó ṣe é. Oríkì àti òǹkà kò sì bára wọn jà rárá. Ọ̀kan ni Yẹkínì gbá wọlé nínú gbogbo ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994, ẹni tó bá sì ka iye nìkan á ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí a bá béèrè ipò tó wà, a ó rí i pé ayò yẹn ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé rí nínú ìdíje náà. Ìtàn ló sọ bí ọ̀kan ṣe wúwo tó. Òǹkà ló jẹ́ kí ìtàn ní ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé.

Àwọn kan tún máa ní sáà kan kéré jù láti fi dá èèyàn lẹ́jọ́. Wọn á tọ́ka sí i pé Yẹkínì lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì lẹ́yìn ọdún yẹn, pé nǹkan kò rí fún un níbẹ̀ bó ṣe rí ní Setúbal. Kò sírọ́ nínú ìyẹn, èmi náà kò sì ní lo 21 láti fi sọ pé ẹni tó gbá a máa gbá 21 níbi gbogbo. Ẹ̀rí tí sáà kan lè jẹ́ kò ju ti sáà náà lọ. Àmọ́ ẹ̀rí yẹn lágbára ní ààyè tirẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó lè pa á rẹ́. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn ló jẹ́ kí n mọ iyì èyí: Richard Owubokiri, tí àwọn ará Pọ́túgà ń pè ní Ricky. Ní sáà 1991 sí 1992, ọdún méjì péré ṣáájú Yẹkínì, ó gbá ayò 30 wọlé fún Boavista nínú líìgì kan náà, òun náà sì gba Bọ́ọ̀lù Fàdákà. Lórí ìpele àkọ́kọ́ yẹn, 30 ju 21 lọ, n kò sì ní bo ó mọ́lẹ̀ torí pé Yẹkínì ni mò ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ Ricky lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù lónìí, ẹ ó rí i pé díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Kò rí ààyè nínú ikọ̀ Nàìjíríà bí Yẹkínì ṣe rí i, kò lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994, ẹnu ayé sì gbé e jù sílẹ̀. Ìwé kò gbé e jù sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan jókòó ní Pọ́túgà tó ń kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin yìí ì bá ti rà pátápátá. Ìrántí a máa ṣe ojúsàájú. Àkọsílẹ̀ tó péye kì í ṣe é.

Mo mọ̀ pé òǹkà ní àwọn tó ń ṣì í lò, kò sì yẹ kí n dákẹ́ nípa wọn. Yẹkínì gbá ayò 21 ní Setúbal. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni Nàìjíríà pàdé Bùlùgéríà, ìṣẹ́jú 21 sì ni ayò rẹ̀ wọlé. Ó dùn létí, ẹlòmíràn á sì fẹ́ kọ́ àlá lé e lórí, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó kàn bá ara rẹ̀ mu ni. Irú èyí ló ń kó bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù káàkiri ìlú wa. Wọ́n mọ ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tí ẹgbẹ́ kan gbá gbẹ̀yìn, wọ́n mọ iye ayò tó wọlé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá gbé owó oúnjẹ lé e pé ẹ̀kẹfà á rí bẹ́ẹ̀. Òǹkà ń sọ ohun tó ti kọjá. Ẹni tó bá ní kó sọ ọ̀la ti sọ ẹlẹ́rìí di aríran, owó rẹ̀ ló sì máa fi gbọ́ ìdáhùn. Tí ẹnì kan bá tìtorí èyí sọ pé kí a pa òǹkà tì, ṣe ló dà bí ẹni tó ní kí alájọ jó káàdì nítorí pé ẹnì kan fi owó àjọ ta tẹ́tẹ́. Kí a kọ́ ọmọ ní ohun tí òǹkà lè sọ àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí ló tọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ilé. Ohun tí Yẹkínì ṣe ní Pọ́túgà wà lákọsílẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣe fún Nàìjíríà ńkọ́? Gbogbo ìwé gbà pé ayò 37 ló gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè yìí, òun sì ni àgbà atamátàsé wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí a bá béèrè pé nínú ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó, ohùn kò ṣọ̀kan mọ́: àwọn kan kọ 58, àwọn kan kọ 62. Ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ń fò kiri, ó wà, kò sì sí. Kì í ṣe ọmọdé inú àdúgbò la ń sọ o. Atamátàsé tí gbogbo orílẹ̀-èdè dìde fún lóru nìyẹn, tí a kò fẹnu kò lórí iye ìgbà tó wọ aṣọ wa. Tí ojú káàdì tiwa nílé bá ṣófo báyìí fún ẹni tó ga jù, kí ni yóò kù fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí fún Osun United, fún ọmọbìnrin tó ń gbá a fún Osun Babes, fún àwọn tó ń gbá a lórí pápá ilé-ìwé ní Òṣogbo àti ní Iléṣà? Ọmọ lè gbá ayò 15 wọlé ní sáà kan níbẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á má rí ìwé kankan wò, kí gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ di ẹnu akọ́nimọ̀ọ́gbá àti fídíò ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, ẹni tó lóhùn jù ni yóò gba ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn á ní kò sówó. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó ń wá owó ọkọ̀ lọ sí ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò ní rí owó ra kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ alájọ Alékúwodò. Káàdì kékeré, bírò kan, àti ẹ̀rí ọkàn tí kò jẹ́ kó sàmì sí ojú tí owó kò wọ̀, ohun tó ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ: ìwé kan fún sáà kan, tí a ó fi ìlà pín. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an láìgé e kù. Ọjọ́ ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pàdé. Ìṣẹ́jú tó lò. Ayò tó gbá wọlé, àti orúkọ ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Bí aṣọ́lé bá ni, iye bọ́ọ̀lù tó mú àti iye tó kọjá rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, àyè kékeré fún ọ̀rọ̀: òjò rọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àwọn mẹ́wàá ló kù lórí pápá. Àyè kékeré yìí ni ojú tó ṣófo nínú káàdì alájọ kò ní, òun ló sì máa jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá lè bi òǹkà ní ìbéèrè tó tọ́.

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ ra ìwé náà kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé-ìwé. A mọ 21 Yẹkínì lónìí nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní Pọ́túgà. Ti àwọn ọmọ wa, ọwọ́ wa ló yẹ kó kọ ọ́.